Gbólóhùn Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Fò ní Kújé

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí àwọn dókítà tí mo bá ṣẹgbẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ni dókítà, òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tó ń ṣèpàdé ní Life Camp, ní Àbújá níbí, nínú gbọ̀ngàn kan tó máa ń tutù bíi pé òkú ni wọ́n fẹ́ tọ́jú síbẹ̀. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, wọn a kọ́kọ́ kí ara wọn: ọ̀jọ̀gbọ́n á kí ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá á kí ọ̀gá, ẹni tó ti ṣe alága rí á dìde kí ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́. Kí wọ́n tó kíra wọn tán, mínpáì tí a fẹ́ jẹ ti tutù. Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí, màá fi aṣọ bora, màá máa wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n kí n má bà wọ́n jẹ́. Wọ́n ń ṣe rere, iṣẹ́ àánú méjì ni wọ́n sì dì mú. Wọ́n ń san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí òbí wọn ò lágbára, wọ́n sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tí kò mọ Àbújá á rò pé níbi tí kò bá ti sí òkun, omi kì í pa èèyàn. Irọ́ ni. Kànga tí kò ní ìdérí pọ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn kòtò tí wọ́n ti fọ́ òkúta, tí wọ́n fọ́ ọ tán tí wọ́n bá tiwọn lọ, òjò á kún wọn dẹ́nu, àwọn ọmọdé á sọ ọ́ di ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Kò sí ìgbà òjò tí a kì í gbọ́ pé ọmọ kan ti rì. Nítorí náà ẹgbẹ́ ń ṣe ìdérí sí kànga, wọ́n ń fi wáyà yí kòtò ká níbi tí àwọn onílẹ̀ bá ti gbà wọ́n láyè, wọ́n sì ń kọ́ ará ìlú ní ohun tí wọn ó ṣe bí ọmọ bá kó sómi.

Èmi ni mo ní kí wọ́n so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Mo dìde lọ́jọ́ kan, mo ní, “Àwọn ọmọ tí ẹ ń sanwó fún yìí, ṣé kí wọ́n kàn máa wá kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́dọọdún náà ni? Ẹ rán wọn jáde, kí wọ́n lọ kọ́ àwọn èèyàn wọn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó yà mí lẹ́nu, torí wọn kì í sáábà pàtẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì. Wọ́n wá ṣe é lófin: akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á lọ kọ́ àwọn èèyàn ní àdúgbò tí wọ́n ti bí i, torí ọ̀rọ̀ máa ń wọ̀ wọ́n létí bó bá jẹ́ ọmọ wọn ló ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá kọ́ wọn dáadáa, ẹgbẹ́ á dáwọ́ owó rẹ̀ dúró.

Àwọn dókítà ló kọ ẹ̀kọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tó ń lọ bá àwọn ará wa nínú ọjà. Obìnrin kan láti Kádúná ló túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ẹ̀ tó ṣe kókó ju gbogbo ìyókù lọ: “Ẹ má ṣe dorí ọmọ kodò.”

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa. Wọ́n á fa ọmọ jáde nínú omi, ẹnìkan á gbá a mú lọ́rùn ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni gbé ewúrẹ́, á máa sá kiri, á máa gbọ̀n ọ́n kí omi lè jáde. Omi á sì jáde lóòótọ́, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Omi inú ikùn ni. Èémí lọmọ ń wá, kò sì sẹ́ni tó ń fún un. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láyà, kí wọ́n má sì dáwọ́ dúró títí dé ọsibítù.

Gbólóhùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lójú ẹgbẹ́. Nígbà òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbé ọmọdé kan láti abúlé kan nítòsí Kújé wá sí ọsibítù tí alága wa ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti gbọ̀n ọmọ náà, wọ́n gbọ̀n ọ́n títí, nígbà tí wọ́n fi máa ronú pé àwọn yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí alága dé ìpàdé lọ́jọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó ń wo tábìlì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àánú ọkùnrin náà ṣe mí nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí ẹgbẹ́ ń ràn lọ́wọ́, ó ti dé ọdún ìkẹyìn rẹ̀. Kújé ni wọ́n bí i sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ó ń ta nǹkan oníke nínú ọjà Kújé: abọ́, bàsíà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, àga, kẹ́tù tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ọmọ náà rẹlẹ̀, ó wọ híjáàbù rẹ̀ nigínnigín, àmọ́ bó bá la ẹnu, kò sí ẹni tí kò ní gbọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mi ò ní purọ́.

Bwari la kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ náà lọ kí wọ́n lọ fi dánra wò. Nígbà tó kan ọmọbìnrin yìí, ó gbé bèbí oníke sílẹ̀, ó ń fi han àwọn èèyàn bí wọn ó ti ṣe é, ó sọ gbólóhùn náà ketekete. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní irọ́ ni, òun fojú òun rí i tí wọ́n dorí ọmọ kodò tó sì yè. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé ọmọ yẹn lágídí. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún dán an wò.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ara mi pé eléyìí ti di nọ́ọ̀sì tán.

Àfi ìgbà tó kan Kújé.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Yorùbá nínú ọjà náà máa ń ṣèpàdé lọ́sàn-án Sọ́ńdè lábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláṣí, ibẹ̀ la ti bá wọn. Bàbá rẹ̀ wà níwájú, ó dé fìlà funfun, ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ ń sọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó dé ibi tí wọ́n ti fa ọmọ jáde nínú omi. Ó wá bọ́ sórí “ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja,” ó ń bá tirẹ̀ lọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, dókítà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Àbújá, tó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ti ń sọ ọ́ lọ, fi ìgbúnwọ́ tọ́ mi. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé kò fo kiní yẹn?”

Ó fò ó. Nínú mọ́tò, mo kọjú sí i. Mo ní, “Ṣé o sùn lọ ni? Àbí o rò pé nítorí àtijẹ mínpáì la ṣe wá? Ibí yìí gan-an ni ọmọ ti kú lẹ́nu àìpẹ́ yìí!” Ẹnu mi mú, ọkọ mi máa ń sọ ọ́, mi ò sì jiyàn. Ọmọ náà kàn ń sọ pé, “Ẹ má bínú, ma,” ó ń wo ojú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ dé ìpàdé. Alága ní a ó tún padà sí Kújé, kí ó tún ẹ̀kọ́ náà ṣe níwájú àwọn èèyàn kan náà, kí ó sì sọ gbólóhùn náà. Bó bá tún fò ó, ẹgbẹ́ ò ní sanwó ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ ò bá san án, abọ́ oníke ò lè san án, ilé ìwé sì parí nìyẹn. Ẹnìkan ní ṣé kò le jù. Alága ní òun ti gba òkú ọmọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, òun ò fẹ́ gba òmíràn. Wọ́n dìbò sí i. Èmi náà nawọ́ sókè, mo sì rò pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ náà wá bá mi nílé. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán òun lọ síbòmíràn, ibi yòówù, bó jẹ́ inú igbó. Mo ní, “Kí ló wà ní Kújé? Ṣé kì í ṣe ilé yín ni?” Ó fa àwo ẹ̀wà náà mọ́ra, ó ń bá mi ṣa á. Lẹ́yìn ìgbà tó ti ṣà á díẹ̀, ó sọ̀rọ̀.

Ó ní òun ní àbúrò kan, ọkùnrin, nígbà tí òun ṣì kéré. Kòtò òkúta kan wà lẹ́yìn Kújé tí omi kún. Wọ́n jọ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù, àbúrò náà yọ̀, ó rì. Àwọn alágbàṣe tó ń kọjá ló fà á jáde. Ẹnìkan ti sáré lọ pe bàbá wọn lọ́jà. Bàbá dé, ó gbá ọmọ mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sì ń sá láti ẹnu kòtò títí dé títì kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn èèyàn ń sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo pé, “Ẹ máa gbọ̀n ọ́n, Àlàájì, omi ń jáde!” Ọmọbìnrin náà ní òun ń sá lẹ́yìn wọn, òun sì ń rí ọwọ́ àbúrò òun tó ń fì, tó ń gbá mọ́ bàbá òun lẹ́sẹ̀.

“Mi ò mọ nǹkankan nígbà náà, Mọ́mì. Àfi ìgbà tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé. Olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní báyìí làwọn ará oko ti ń ṣe é. Mo dìde, mo jáde ní kíláàsì.”

Mo bi í pé ṣé bàbá rẹ̀ mọ̀.

“Kò mọ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá ti dárúkọ àbúrò mi, ohun tó máa ń sọ ni pé gbogbo ohun tí bàbá lè ṣe lòun ṣe, Ọlọ́run ló gba nǹkan Rẹ̀. Ohun tó fi ń gbé ilé ayé nìyẹn, ma. Ṣé èmi ni kí n wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, níwájú gbogbo ọjà?”

Háà! Mo jókòó ti ẹ̀wà mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí dé ọkàn, inú sì bí mi, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Èmi tí mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí tí irun fi funfun, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọmọ yẹn ì bá yè bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè búra. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ bàbá òun ò ní gbọ́ “bóyá” nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó máa gbọ́ ni pé òun ló pa ọmọ òun.

Mo ní n ó ṣàlàyé fún alága. Ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Wọn á máa wo bàbá mi.” Mo ní ká jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lọ sọ ọ́ dípò rẹ̀. Ó ní bàbá òun yóò gbọ́ ọ síbẹ̀, á sì mọ ìdí tí òun fi sá. Kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ó ní òun ti pinnu: òun á lọ, òun á fo gbólóhùn náà, òun á sì padà wá bá bàbá òun ta abọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀.

Èmi ò gbà. Orí mi kún fún ọgbọ́nkọ́gbọ́n. Mo ní bí bàbá ò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ bù ṣe. Mo wọ mọ́tò lọ sí Kújé, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

Ó mọ̀ mí. “Ẹ káàbọ̀, ìyá nọ́ọ̀sì. Sànnu, sànnu.” Ó fi aṣọ nu àga kan fún mi láàárín àwọn bàsíà tí wọ́n tò gogoro. Mo ní mo fẹ́ ra àga oníke púpọ̀ fún ìpàdé wa, àmọ́ lọ́sàn-án Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ ẹ, òun fúnra rẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó gbé e wá sí Life Camp, nítorí mi ò fọkàn tán ẹlòmíràn.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá, àbí ẹ ti gbàgbé ni? Sọ́ńdè yẹn kọ́ lọmọ mi tún fẹ́ sọ̀rọ̀ níbí? Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Mọ́ńdè.”

Mo ní ó kàn mí ní kíákíá. Ó ní, “Ẹ lọ ra tẹlòmíì nígbà náà, kò sí ìjà. Mi ò lè ṣàìsí níbẹ̀.” Ọkùnrin tó ń kọ owó! Mo dìde láti máa lọ. Ó wá bi mí, kò wò mí lójú, ó ń nu bàsíà kan tí kò dọ̀tí: “Wọ́n ní ó fo nǹkankan lọ́jọ́sí. Kí ló fò?”

Mo ní, “Nǹkan kékeré kan ni.”

Ó ní, “Hùn.” Ó gbé bàsíà náà padà sórí àwọn tó kù, ó sì sìn mí dé ìdí mọ́tò.

Ọjọ́ Sọ́ńdè pé. Oòrùn mú, eruku sọ. Àwọn èèyàn pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ìròyìn ti tàn pé àwọn dókítà Life Camp fẹ́ dán ọmọ Àlàájì wò. Alága wa jókòó, akọ̀wé jókòó tì í kó lè máa túmọ̀ Yorùbá fún un, nítorí alága kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Bàbá wà níwájú níbi tó wà lọ́jọ́sí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wò mí. Ó tẹ́ bèbí oníke sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ ti kànga. Ó sọ ti kòtò. Ó ní kí ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ má ṣe kó sómi lẹ́yìn ẹni tó ń rì, kí ó ju okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i. Ohùn rẹ̀ já gaara. Ó wá dé ibẹ̀. “Bí wọ́n bá ti fa ọmọ náà jáde…” Mo wolẹ̀. Mo gbọ́ tí akọ̀wé mí kanlẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ náà ti la ẹnu láti máa bá a lọ, mo sì mọ̀ pé ó ti fò ó.

Bàbá rẹ̀ nawọ́ sókè. Alága àwọn ọlọ́jà fún un láyè bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó ní kí Àlàájì sọ̀rọ̀. Bàbá dìde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́.

“Mo ní ìbéèrè,” ó ní. “Bí wọ́n bá fa ọmọ náà jáde, tí bàbá rẹ̀ wá dé, tó gbá a mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì, tó dorí ẹ̀ kodò, tó gbé e sá. Ṣé ó dáa?”

Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sá tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà, mo rí i lójú wọn.

Ọmọ náà ní, “Bàbá…”

“Ọmọ mi kọ́. Nọ́ọ̀sì ni mò ń bi. Ṣé ó dáa?”

“Kò dáa, Bàbá.” Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Kí ló dé?”

“Èémí lọmọ náà ń wá. Omi tó ń jáde yẹn, omi inú ikùn ni. Àsìkò ló ń lọ.”

Bàbá mi orí. “Bí nọ́ọ̀sì ọsibítù ti sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ nìyẹn, lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ fún ìyá yín. Mi ò sọ fún ìwọ náà, torí pé ọmọdé ni ẹ́ nígbà náà, o sì rí mi níbi tí mo ti ń sá.”

Akọ̀wé ti gbàgbé láti túmọ̀, alága sì ń wo ojú rẹ̀, ó ń wo ojú mi.

Bàbá dé fìlà rẹ̀ padà, ó jókòó. Ó nawọ́ sẹ́yìn sí àwọn tó dúró lẹ́bàá ògiri mọ́sáláṣí.

“Tún un sọ,” ó ní. “Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́.”

Ó tún un sọ.